Gíláàsì Tí Kò Fojú Kan Iná

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé èèyàn lè yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Obìnrin tí à ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò rí yàn. Ikú ló kọ́kọ́ wọ ilé rẹ̀, ó mú ọkọ rẹ̀ lọ ní ìdájí ọjọ́ Ajé kan. Ẹ̀sín fara balẹ̀ ní tirẹ̀, ó dúró di oṣù kẹrin kí ó tó kan ilẹ̀kùn.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni obìnrin náà, Ọ̀gá sì ni àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ike tan ìmọ́lẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń ki gílóòbù sínú ike o. Ike gan-an ló ń tàn. Wọ́n á po ó pọ̀ mọ́ kẹ́míkà títí á fi máa ṣàn bí oyin tí a là lómi. Wọ́n á kán an sórí gíláàsì kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò méjì lọ, wọ́n á gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń yí bí òkòtó, ike á sì tẹ́ pẹrẹsẹ, á fẹ́lẹ́ débi pé èèpo àlùbọ́sà á nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Wọ́n á wá fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, wọ́n á fi gíláàsì mìíràn dé e, wọ́n á fi àtè lẹ etí rẹ̀ pa. Bí iná mànàmáná bá wọ inú rẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ á mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ewé tuntun tí oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Fìtílà pẹlẹbẹ ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn.

Ọ̀tá fìtílà yìí ni ọ̀rinrin. Bí omi tí kò tó omijé kòkòrò bá sápamọ́ sínú rẹ̀, àmì dúdú á yọ létí gíláàsì, tótòtó, wọ́n á máa fẹ̀, wọ́n á máa wá ara wọn kiri, títí ilẹ̀ á fi ṣú nínú fìtílà. Ìdí nìyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi gbogbo fi ń yan gíláàsì lórí iná kí wọ́n tó lò ó. Ohun tó sọ Ọ̀gá di ẹni tí wọ́n ń pè síbi àpérò ni pé ike tirẹ̀ kò bẹ̀rù ọ̀rinrin. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pé omi àti ọṣẹ ni àwọn fi ń fọ gíláàsì, fáànù ni àwọn fi ń gbẹ ẹ́, síbẹ̀ fìtílà tàn fún ẹgbẹ̀rún méjì wákàtí láìní àbàwọ́n. Gbólóhùn kan wà nínú ìwé náà tí àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa kà sókè: "Gíláàsì wa kò fojú kan iná."

Ẹni tó ń fọ gíláàsì náà ni ọkọ rẹ̀.

Ọkùnrin náà ti wà nínú yàrá ìwádìí yẹn kí ìyàwó rẹ̀ tó débẹ̀. Bàbá Gíláàsì ni gbogbo wọn ń pè é. Òun ló kọ́ ọ, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, pé etí gíláàsì ni à ń dì mú, a kì í fọwọ́ pa ojú rẹ̀, nítorí pé ojú gíláàsì dà bí ojú àna. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ àna yẹn ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi di òótọ́. Wọ́n fẹ́ra, wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Ìwé ìyàwó ń ga sí i, iṣẹ́ ọkọ dúró síbi tó wà. Nílé, Adúmáadán ni ọkọ ń pè é, nítorí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, ó sì ń dán. Níbi iṣẹ́, Ọ̀gá ló ń pè é bíi ti àwọn yòókù, "ẹ" ló sì ń lò fún un, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ má bàa rí i fín. Ọdún méje ni ọkùnrin náà fi jù ú lọ. Kò pẹ́ tí ìyàwó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọkọ ní "ìwọ" lójú èèyàn. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ìdí rẹ̀. Òun náà kò bi ara rẹ̀.

Ní ọdún tí ìwé náà jáde, àwọn àlejò wá láti yàrá ìwádìí mìíràn. Ìyá àgbà kan tí awò ojú rẹ̀ nípọn ló ṣáájú wọn, ọ̀jọ̀gbọ́n tí Ọ̀gá ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti kékeré. Bàbá Gíláàsì gbé tíì wọlé fún wọn. Ìyá náà dúpẹ́, ó sì béèrè ẹni tí í ṣe. Ọ̀gá dáhùn pé, "Ó ń bá wa fọ gíláàsì ni." Ọkọ rẹ̀ tẹrí ba, ó gbé àwo tíì jáde. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n délé, bó ti ń ṣan abọ́ tí wọ́n fi jẹun, ó ní afọgíláàsì ti di afọbọ́ báyìí, ìgbéga ti dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń wo ojú ìyàwó rẹ̀ bóyá ó máa bá òun rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ní ó ti rẹ òun, ó lọ dùbúlẹ̀.

Nígbà tí ikú dé, kò pariwo. Bàbá Gíláàsì máa ń jí kúrò nílé ní ìdájí, nítorí òun ló ń ṣí ilé iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kì í dé ibẹ̀ títí di aago mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ Ajé yẹn, ó jókòó sétí ibùsùn, ó wọ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kò wọ tòsì mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni àwọn fìtílà bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Àwọn tó ti ń tàn tẹ́lẹ̀ kò kú o. Àwọn tuntun ni. Wọ́n á tàn lọ́jọ́ kìíní, wọ́n á tàn lọ́jọ́ kejì, tó bá di ọjọ́ kẹta, àmì dúdú á yọ. Ẹni tó gba iṣẹ́ Bàbá Gíláàsì mọ́ tirẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé, ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, nítorí pé kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín, àní títí kan gíláàsì tó fọ́. Òun ló ń po ike, òun náà ló wá ń fọ gíláàsì, ó sì ń ṣe é gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí: omi, ọṣẹ, fáànù. Ọ̀gá wo ẹ̀rọ, ó wo àtè, ó wo kẹ́míkà. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó wo ọmọ náà. Ó bá a wí lójú gbogbo wọn pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń pa iná, pé ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín nídìí iṣẹ́ kò lè mọ ìgbà tí ìdọ̀tí wọlé. Láti ọjọ́ náà ni Ẹlẹ́rìn-ín kò ti rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀gá kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n wá ibòmíràn fún un. Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì rẹ̀, ó ku kí ó fọwọ́ sí i. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Àárín èyí ni ọ̀jọ̀gbọ́n aláwò ojú náà kọ̀wé pé òun tún ń bọ̀. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mọ́kànlá láti ṣe irú fìtílà náà, kò ṣeé ṣe. Ó ní bóyá nǹkan kan wà tí ojú àwọn kò tó, kí Ọ̀gá jọ̀ọ́ jẹ́ kí àwọn wá wò ó bó ti ń ṣe é. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi àdéhùn sí, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n sì máa lò. Ọ̀gá mọ ohun tó wà nídìí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè lẹ́ẹ̀kan lè wá fi ohùn líle béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Bí fìtílà bá kú lójú àwọn àlejò, orúkọ tó fi ogún ọdún kọ́ á kú pẹ̀lú rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, ọ̀la ni àlejò ń bọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin pè é lórí fóònù láti ilé ọkọ. Ó ní ara òun ń fẹ́ súwẹ́tà aláwọ̀ eérú tí bàbá òun máa ń wọ̀ níbi iṣẹ́, kí màmá òun jọ̀ọ́ bá òun mú un. Ọ̀gá kò tíì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kú. Ó lọ sí yàrá ìfọgíláàsì, ó ṣí i. Súwẹ́tà náà wà lórí ìkọ́, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti gbó. Ó fẹ́ gbé e sí imú, ó wo ẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni má bàa rí òun. Bó ti gbé e ni ìwé pélébé kan jábọ́ láti inú àpò rẹ̀.

Ìwé tí ọkọ rẹ̀ ń kọ iṣẹ́ ojúmọ́ sí ni, pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá tó dúró ṣánṣán. "Òjò. Mo yan méjìlá, wákàtí méjì." "Òjò tún ni. Mo yan mẹ́jọ." "Ọ̀rinrin pọ̀. Mo yan ogún, mo kó wọn sínú agolo kó tó dé."

Ó kà á bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Ó tún un kà. Ó wá fi ọwọ́ ti àwọn páálí tó wà ní ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù sápá kan, ó sì rí i lẹ́yìn wọn: irin pẹlẹbẹ onímànàmáná tí wọ́n fi ń yan gíláàsì, bí áyọ́ọ̀nù tí a dojú rẹ̀ sókè, èyí tí òun fúnra rẹ̀ pàṣẹ kí wọ́n kó kúrò nínú yàrá náà ní ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ sẹ́yìn.

Ohun tó kọ́kọ́ bá a ni ìbínú. Kí ló dé tí kò sọ fún òun? Ó ṣí ìwé náà padà sí iwájú, bí ẹni tó ń wá ibi tí á ti bá òkú jà, òkú náà sì dá a lóhùn. "Mo sọ fún un pé gíláàsì tó jọ pé ó gbẹ kò tíì gbẹ." Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin: "Mo tún sọ ọ́. Ó ní kí n fọ gíláàsì, kí n fi ìrònú sílẹ̀ fún àwọn tó kàwé."

Ó rántí ọjọ́ náà. Ó rántí pé àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ́rìn-ín, pé torí kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín ni òun ṣe sọ ọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, èyí balẹ̀ lójú rẹ̀, ó fọ́, ọkọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀, ó ṣa èèpo rẹ̀ nílẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé kejì. "Mo yan díẹ̀ wò láìjẹ́ kó mọ̀. Fìtílà ti tàn fún oṣù kan. Mo fẹ́ sọ fún un lónìí pé mo yan án. Ó sáré wọlé, ó dì mọ́ mi lójú gbogbo èèyàn. N kò lè sọ ọ́ mọ́."

Ìgbà kan ṣoṣo tó dì mọ́ ọn níbi iṣẹ́ nìyẹn. Ó pa ìwé náà dé. Kò kà á dé òpin.

Ẹ má rò pé ó lọ wá ẹni tó máa jẹ́wọ́ fún. Ojú tó ń tini máa ń kọ́kọ́ wá ibi tó máa sá sí. Kó tó délé ni ọkàn rẹ̀ ti ń ṣèṣirò: bí òun bá yan gíláàsì ní ìdájí bí ọkọ òun ti máa ń ṣe é, fìtílà á tàn, àlejò á lọ, ìwé pélébé á wà nínú àpò súwẹ́tà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tirẹ̀ kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ. Ó rò pé ó ṣì ní àyè.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, òjò ń rọ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ó ti wà nínú yàrá ìfọgíláàsì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ó gbé irin náà sórí tábìlì, ó to gíláàsì sórí rẹ̀, ó dúró tì í fún wákàtí méjì. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yàrá náà máa ń tutù tó bẹ́ẹ̀ ní ìdájí. Ó wá mọ ìdí súwẹ́tà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó gíláàsì sínú agolo tán, tó tún gbé irin náà padà sẹ́yìn páálí, nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín wọlé. Ọmọ náà tètè dé kí ó lè nu ilẹ̀ de àlejò. Bóyá ó rò pé bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn ò ní fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Ó kí Ọ̀gá, ó fẹ́ gbé báàgì rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì yọ ọwọ́ padà.

"Ọ̀gá, tábìlì yìí gbóná."

"Oòrùn ni," ni Ọ̀gá wí.

Òjò ń kan gíláàsì fèrèsé. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. Ó tún fi ọwọ́ kan tábìlì náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wo ibà lórí ọmọ. "Bàbá náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá tètè dé, tí mo ní tábìlì gbóná, wọ́n á ní oòrùn ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé, Bàbá, oòrùn wo ló ń yọ lábẹ́ òrùlé? Wọ́n á ní oòrùn tiwọn kì í san owó ilé." Ẹnu rẹ̀ fẹ́ ya bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì dúró lójijì. Ó wo agolo. Ó wo Ọ̀gá. Ọmọ tó gbọ́n ni; a kì í po ike fún ọdún méjì kí a má mọ ohun tí iná ń ṣe fún gíláàsì. Ó rẹ ojú sílẹ̀, bí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn bá àgbàlagbà ní ìhòòhò.

Ojú tí ọmọ yẹn rẹ̀ sílẹ̀ ló ṣe é. Ká ní ó bú u ni, bóyá Ọ̀gá á bá a jà. Irọ́ kan náà ni òun àti ọkọ òun pa lórí tábìlì kan ṣoṣo: ọkọ òun pa á láti fi bo òun láṣọ, òun sì ń pa á láti tú ọmọ ọlọ́mọ sí ìhòòhò. Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu. Ilẹ̀ kò lanu. Ilẹ̀ tí ọmọ náà wá nù ni.

"Kì í ṣe oòrùn," ni ó wí. "Mo yan gíláàsì ni. Bàbá náà, ó yan án ni, láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò mọ̀, torí pé mi ò fẹ́ mọ̀. Ọwọ́ rẹ kò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

 Ẹlẹ́rìn-ín ní kò burú, mà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ilẹ̀ tó ti mọ́, ó sì ń sunkún sórí rẹ̀. Ọ̀gá lọ sí ọ́fíìsì, ó ya lẹ́tà náà sí méjì, ó tún ya á sí mẹ́rin. Ó mú ìwé pélébé náà dání.

Àwọn àlejò dé ní aago mẹ́wàá. Mẹ́ta ni wọ́n. Ìyá aláwò ojú náà jókòó, ó gba tíì lọ́wọ́ Ẹlẹ́rìn-ín, ó wo yíká, ó béèrè bàbá tó ń fọ gíláàsì, ó ní òun kò gbàgbé ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀.

"Ó ti kú," ni Ọ̀gá wí. "Ọkọ mi ni."

Ìyá náà gbé ife tíì sílẹ̀. Kò béèrè ìdí tí wọn kò fi sọ bẹ́ẹ̀ fún un nígbà náà. Àìbéèrè rẹ̀ gan-an dun Ọ̀gá ju ìbéèrè lọ. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ó sọ pé gíláàsì àwọn fojú kan iná, ojoojúmọ́ ni, pé ike òun bẹ̀rù ọ̀rinrin bíi ti gbogbo ayé, pé òun á kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ òun padà.  Ọ̀kan nínú àwọn àlejò, ọkùnrin kan tí kò tíì wí nǹkan kan, ní kò yé òun: báwo ni ẹnì kan ṣe lè máa yan gíláàsì fún ọdún mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹni tó ni iṣẹ́ mọ̀? Ìbéèrè náà dára. Ọ̀gá ṣí ìwé náà níbi tí òun kò tíì kà dé, ní òpin, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó ṣe é fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó kà á sókè:

"Ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀rinrin pọ̀. Mo yan mẹ́rìndínlógún. Àyà ń dùn mí díẹ̀. Adúmáadán kò gbọdọ̀ mọ̀ nípa iná yìí, ojú á tì í, n kò sì fẹ́ kí ojú tì í láyé mi."

 Òjò ti dá. Ọkùnrin àlejò náà ní, "Ẹ má bínú, ta ni Adúmáadán?"

Ẹlẹ́rìn-ín wo ilẹ̀. Òun náà kò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

"Èmi ni," ni Ọ̀gá wí.

Ìyá àgbà náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún, ó ń nù ún, ó ti mọ́ tipẹ́ kó tó gbé e padà sójú. Ó ní, "Ẹ máa kà á lọ, ọmọ mi."

"Ibẹ̀ ló parí sí, mà," ni ó wí.